Àrà Ìtàkùn Uṣu

Eku ti jẹ igun kan lára ṣọ́ọ̀lù ìyá wa kí a tó mọ̀. Àǹtí Bísọ́lá, ẹ̀gbọ́n mi, ló ṣí àpótí tó wà nínú rẹ̀ nígbà tó wálé láti Adó. Oyún inú rẹ̀ ti ga dé àyà. Ó ní kí n bá òun na ṣọ́ọ̀lù náà sórí bẹ́ẹ̀dì kí òun tún un wò, a sì nà án. Ó ṣì funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú, àfi igun ìsàlẹ̀, níbi tí eku ti dá ihò tó lè gba orí ọmọdé, tí òwú sì já wálẹ̀ yánnayànna.

"Háà," ni Àǹtí Bísọ́lá wí. Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì.

Inú ṣọ́ọ̀lù yẹn ni wọ́n gbé àwa méjèèjì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsàmì wa. Ìyá wa ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun ún nígbà tó lóyún Àǹtí Bísọ́lá. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo wà nígbà tó kú. Àwọn ẹbí ti pín aṣọ rẹ̀, ìkòkò rẹ̀ ti lu, àga tó máa ń jókòó lé sì ti di igi ìdáná. Ṣọ́ọ̀lù yìí nìkan ló kù tí a lè fọwọ́ kàn kí a sì sọ pé ọwọ́ rẹ̀ ló ṣe é. Ìtàkùn uṣu la máa ń pe àrà tó wà lára rẹ̀, bí òun náà ṣe ń pè é, nítorí pé ihò wẹ́wẹ́ ń lọ́ gun òkè lára rẹ̀, ewé kéékèèké sì ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ihò náà, gbogbo wọn kọrí sí apá kan náà, bí ìtàkùn iṣu ṣe ń gun ọ̀pá nínú oko.

"Inú rẹ̀ ni wọn ó gbé ọmọ mi lọ," Àǹtí Bísọ́lá wí níkẹyìn. "Mo ti sọ fún Joshua. Mo ti sọ fún ìyá rẹ̀ pàápàá. Táyọ̀, wàá hun òmíràn."

"Mi ò mọ àrà yẹn, Àǹtí."

"Ìwọ? Ìwọ tí o hun fìlà fún gbogbo ọmọ ọwọ́ tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tán?"

"Mi ò tíì tú irú rẹ̀ rí ni."

Ohun tí mo sọ yé e. Kò sẹ́ni tó jókòó kọ́ mi ní híhun. Nígbà tí mo kúrò nílé ìwé tí kò sí ibi tí n ó lọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ra súwẹ́tà àlòkù lọ́wọ́ àwọn olókìrìkà. Mo máa ń fọ̀ wọ́n, mo sì máa ń tú wọn láti gba òwú inú wọn. Bí mo ṣe ń tú wọn ni mo ń wò ó. Ojú tí wọ́n hun kẹ́yìn ló ń kọ́kọ́ tú, n ó sì máa tẹ̀lé e lọ sẹ́yìn, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn. Nígbà tí súwẹ́tà bá fi di òwú róbótó lórí itan mi, àrà rẹ̀ ti wọ orí mi. Mo ti kọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò sí mọ́. Kò dùn mí rí. N kò mọ ẹni tó hun wọ́n ní òkè òkun, òun náà kò sì mọ̀ mí.

"Tú u nígbà náà," Àǹtí Bísọ́lá wí.

"Àǹtí!"

"Kí ni mo sọ? Kí la fẹ́ fi èyí tí eku ti jẹ ṣe? Tú u, kọ́ ọ, kí o sì fi òwú rẹ̀ kún tuntun. Màámi ò sí nínú òwú, Táyọ̀."

Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́, ìyẹn ló sì jẹ́ kó dùn mí. Bó bá jẹ́ pé ó pariwo mọ́ mi ni, èmi náà ì bá pariwo. Mo ká ṣọ́ọ̀lù náà, mo gbé e mọ́ àyà, mo ní ó ṣeé ṣe kí ìwé kan wà tí àrà náà wà nínú rẹ̀, kí ó fún mi láyè kí n wá a.

"Ìwé!" Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ àti ìwé. Ó dáa. Mo ń padà bọ̀ wá bímọ síbí ní ìparí oṣù. Bí o ò bá tíì rí i nígbà yẹn, èmi fúnra mi ni n ó fa òwú rẹ̀."

Adó ló padà sí lọ́jọ́ kejì. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ni wọ́n ti gbé Joshua ọkọ rẹ̀ kúrò ní ọ́fíìsì wọn ní Àkúrẹ́ wá síbẹ̀, ilé tí wọ́n ń gbé kò sì tíì ní kànga, ló ṣe fẹ́ wá bímọ sọ́dọ̀ wa.

Ọ̀dọ̀ Brọ̀dá Ebenezer ni mo gbà lọ. Òun ló ń ta ìwé àlòkù lẹ́bàá títì tó lọ sí Adó, lábẹ́ páànù kan tó ń wo òkè Ọlọ́sunta lọ́ọ̀ọ́kán. Ìbàdàn ló ti ń lọ kó wọn. Ó máa ń yá mi ní ìwé ìtàn, n ó kà á tán, n ó dá a padà, n ó tún yá òmíràn. Ó ti sọ mí ní orúkọ nítorí rẹ̀.

"Akàwé-má-rà!" ó kí mi bó ṣe rí mi. "O tún dé!"

"Ẹ kú ọjà o, Brọ̀dá. Mo fẹ́ rà lónìí."

Ó gbé ọwọ́ lé orí. "Ẹ gbà mí o! Ẹ bá mi wo òkè lọ́hùn-ún bóyá Ọlọ́sunta ti ṣí nídìí!"

"Brọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́. Ìwé àrà híhun ni. Ti súwẹ́tà àti ti ṣọ́ọ̀lù."

Ó dákẹ́ àwàdà díẹ̀, ó ronú, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín àwọn páálí rẹ̀. Ìwé mẹ́ta ló gbé jáde. Ó nu eruku orí wọn lára ṣòkòtò rẹ̀, ó tẹ́ wọn síwájú mi bí ẹni ń tẹ́ ẹja.

Ìwé ńlá ni àkọ́kọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ le bí pákó, bébà rẹ̀ nípọn ó sì ń dán. Àrà kan ló wà lójú ewé kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ya fọ́tò rẹ̀ tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè ka ojú òwú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ṣí i, n kò sì fẹ́ pa á dé mọ́. Ó ṣe mí bí ẹni pé mo yọjú wo ilé olówó kan láti ojú fèrèsé. Gbogbo súwẹ́tà tí mo ti tú láyé mi wà níbẹ̀ láìtú. Àrà igbá oyin wà níbẹ̀, àti ti ìrẹsì, àti ti okùn lílọ́, tí mo ti fi ọ̀sẹ̀ méjì wá ìdí rẹ̀ nígbà kan.

"Èyí ni bàbá wọn," Brọ̀dá Ebenezer wí. "Bí o bá ní èyí, o ò tún ní ra ùwé mọ́ títí o ó fi di arúgbó."

Ó dá owó lé e. Mo gbé ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀. Gbogbo owó tí mo kó jọ fún òwú ṣọ́ọ̀lù náà ni ìwé yẹn yóò gbé lọ. N ó wá ní ìwé, n kò ní ní ohun tí n ó fi hun.

Ìkejì rí bí ìwé ìròyìn. Àwòrán àwọn ọmọ òyìnbó tó sanra ló kún inú rẹ̀, tí wọ́n wọ súwẹ́tà aláràbarà. Ó wù mí láti máa wò ó, ṣùgbọ́n aṣọ ló pọ̀ níbẹ̀, àrà kò pọ̀. Ẹni tó bá rà á yóò hun súwẹ́tà mẹ́wàá yẹn, á parí níbẹ̀.

Ìkẹta kò ní èèpo mọ́. Ẹnì kan ti fi òwú dúdú gán ẹ̀yìn rẹ̀. Bébà rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí èyí tí wọ́n fi ń di àkàrà, kò sì sí fọ́tò kankan nínú rẹ̀. Wọ́n fi tádàwà dúdú ya àwọn àrà náà ni, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n pọ̀, bóyá wọ́n tiẹ̀ ju ti ìwé ńlá lọ. Níwájú pátápátá, wọ́n ṣàlàyé ìtumọ̀ àmì kọ̀ọ̀kan: èyí túmọ̀ sí pé kí o kó ojú méjì pọ̀, èyí túmọ̀ sí pé kí o yí òwú ká abẹ́rẹ́ kí ihò lè wà. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan.

"Ẹ jẹ́ kí n wò wọ́n dáadáa kí n tó mú," mo wí.

"Jókòó. Ìgbà wo lo wá tí o ò jókòó?"

Mo yọ ṣọ́ọ̀lù náà nínú ọ̀rá, mo tẹ́ igun rẹ̀ tó dára sórí ẹsẹ̀ mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé ńlá. Bí mo bá ṣí ojú ewé kan, n ó gbé ṣọ́ọ̀lù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, n ó wo ibí, n ó wo ọ̀hún. Àwọn oníbàárà ń wá, wọ́n ń lọ. Ẹnì kan wá ra ìwé ìṣirò fún ọmọ rẹ̀, ó béèrè bóyá èmi ni mò ń ta aṣọ náà.

Mo rí èyí tó jọ ọ́ nígbà tí mo ti fẹ́ẹ̀ dé ìparí. Ihò wẹ́wẹ́ tó ń gun òkè, ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo gbé ṣọ́ọ̀lù sún mọ́ ọn. Rárá o. Apá ọ̀tún ni ti inú ìwé kọrí sí, gbogbo ewé rẹ̀ ń wo ọ̀tún. Òsì ni ti ìyá wa ń wò. Mo yí ìwé náà sórí, mo yí i sídìí, kò bá a mu síbẹ̀.

"O ti rí i?" Brọ̀dá Ebenezer yọ ọrùn.

"Ó jọ ọ́, òun kọ́."

"Bó bá ti jọ ọ́, hun ún! Ta ló fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò ní ṣọ́ọ̀ṣì? Fíkà ni?"

"Èmi ni."

Ó wò mí, ó wo ṣọ́ọ̀lù náà, kò sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ó mọ ìyá wa. Ó ní ó máa ń kí òun bí òun bá ń gbé ìwé lérí kọjá níwájú ilé wa, nígbà tí òun kò tíì ní ìsọ̀.

Mo pa ìwé ńlá náà dé. Mo wá mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà mí. Bí kò bá sí nínú èyí tó tóbi tó yẹn, ta ló fẹ́ rí i nínú èyí tí kò ní èèpo? Mo ń rí ọwọ́ Àǹtí Bísọ́lá lójú inú mi, tó di etí òwú mú, tó ń fà á, tí ewé ń jábọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti orí ṣọ́ọ̀lù títí tí kò fi ku nǹkan kan.

Inú ìwé tó fẹ́lẹ́ náà, mo tún bá àrà kan náà pàdé. Wọ́n yà á dáadáa. Òun náà kọrí sí ọ̀tún. Mo ṣí ewé náà kọjá, ó sì rẹ̀ mí.

Oòrùn ti yí wá sí abẹ́ páànù nígbà yẹn, ó ń tàn sí mi lójú. Mo gbé ìwé náà sókè láti fi ṣíji bo ojú. Ẹ̀yìn ewé tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí kọjá ló kọjú sí mi. Wọn kò tẹ nǹkan kan sí i, ó ṣófo. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ gba inú bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà kọjá, ó sì gbé àwòrán tó wà lójú kejì wá bá mi. Ìtàkùn ń gun òkè níwájú mi. Gbogbo ewé rẹ̀ ń wo òsì.

Mo gbé ṣọ́ọ̀lù sókè sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ihò bá ihò mu. Ewé bá ewé mu.

"Èyí ni mo fẹ́," mo wí.

"Èyí tí kò ní èèpo?" Brọ̀dá Ebenezer ṣí ẹnu sílẹ̀. "O ń wo èyí tó gbayì láti ìgbà tí oòrùn ti wà lókè, o wá mú èyí tó ń kú lọ! Ta ló tún ń ka ùwé láti ẹ̀yìn?"

Mo sanwó, ó sì fi okùn dì í fún mi kó má baà já sọ́nà.

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rìn lọ sílé, ayọ̀ mi ń dín kù, ìbéèrè ń rọ́pò rẹ̀. Báwo ni ènìyàn ṣe ń hun àrà kan láti ẹ̀yìn? Kí ló dé tí ìyá wa fi yí i padà? Lójú ọ̀nà, mo ronú bóyá ó ṣe àṣìṣe ni. Ṣùgbọ́n àṣìṣe kì í tò bẹ́ẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

Bàbá wa ń bó ọsàn ní ẹ̀yìnkùlé nígbà tí mo wọlé. Tíṣà ni, ó ti fẹ̀yìn tì, ó sì máa ń bó ọsàn bí ẹni ń yan iṣẹ́ fún ọmọ ilé ìwé, láìjẹ́ kí èèpo rẹ̀ já. Mo kúnlẹ̀ kí i. Mo gbé ewé ìwé náà sókè sí oòrùn, mo gbé ṣọ́ọ̀lù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo ní kí ó bá mi wò ó.

Ó wò ó pẹ́. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Ọwọ́ òsì," ó wí.

"Ọwọ́ òsì ta ni, Bàbá?"

"Adébímpé."

Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu rẹ̀ kẹ́yìn. "Ìyá yín" ló máa ń pè é. Orúkọ náà jáde bí ẹni pé ẹni tó ni ín wà nínú ilé ìdáná tó lè dáhùn.

"Ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n bí i," ó wí. "Nígbà tó wà nílé ìwé, wọ́n nà án títí tó fi kọ́ láti fi ọ̀tún kọ̀wé. Nígbà tí mo sì gbé e wá sí ulé yìí, ìyá mi ò jẹ oúnjẹ tó bá fi òsì rò. Ó ní wọn kì í fi òsì júwe ulé bàbá ẹni, ká tó wá sọ pé wọn ó fi rokà. Ó bá fi ọ̀tún ṣe gbogbo nǹkan. Ó fi ṣẹ́gi, ó fi gúnyán, ó fi gbálẹ̀. Àfi híhun nìkan."

"Kí ló dé tó fi yọ híhun sọ́tọ̀?"

"Míísì tó kọ́ wọn jókòó kọjú sí wọn ni. Ohun tí míísì ń fi ọ̀tún ṣe, apá òsì ló bọ́ sí lọ́dọ̀ tirẹ̀, bí ẹni ń wo dígí. Ó ní ọjọ́ yẹn nìkan ni ohun kan nílé ìwé kò fi agídí wọ ọwọ́ òun." Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Kò sì pa á tì."

"Ṣùgbọ́n mi ò rí i kó fi òsì ṣe nǹkan kan rí."

"Báwo lo ṣe fẹ́ rí i? Ó máa ń kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo mọ̀ jù lára rẹ̀. Bí mo bá ti ń rántí ìyá wa, n kì í rí ojú rẹ̀, bí kò ṣe pé mo wo fọ́tò. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa ń rí, lórí àga, lẹ́bàá fèrèsé, tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ń mì wúyẹ́wúyẹ́. N ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, n ó pè é, yóò ní "Mò ń bọ̀, ọmọ mi," kò sì ní yíjú. Mo ti gbà láti kékeré pé bí ó bá ti ń hunṣọ, kò fẹ́ mi nítòsí. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ó wà nínú mi bí ẹ̀gún tó ṣẹ́ sí àtẹ́lẹsẹ̀, tí ènìyàn ti mọ bí òun ó ṣe máa tẹ̀ ẹ́ kó má baà dùn ún.

"Ṣé nítorí ìyá tiyín ló ṣe ń fi í pamọ́, Bàbá?"

"Ìyá mi ti kú kí wọ́n tó bí ọ. Nítorí tiyín ni. Ọmọdé máa ń sín ìyá rẹ̀ jẹ. Ó ní bí ẹ bá rí i, ẹ ó máa lo òsì, wọn ó sì nà yín nílé ìwé bí wọ́n ṣe na òun." Ó gé ọsàn náà sí méjì, ó na ìdajì sí mi. "Ìwọ gan-an ló ń bẹ̀rù. Ó ní ìwọ lo máa ń wo nǹkan jù."

N kò lè jẹ ọsàn náà. Mo dì í mú títí omi rẹ̀ fi ń ro sí ìka mi.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń kọ́ ọ. Mo gbé abẹ́rẹ́ tí mo fi ń ṣiṣẹ́ sí ọwọ́ òsì, mo kó ojú òwú sí ti ọ̀tún, ọwọ́ mi sì di ti ọmọdé. Òwú ń bọ́. Ojú méjì tí mo bá kó pọ̀ ń yapa. Bí ọ̀tún mi bá ti fẹ́ gba iṣẹ́ ṣe, n ó gbá a padà. Mo fi wúùlù súwẹ́tà àtijọ́ kan kọ́ ọ, mo ń hun ún, mo ń tú u. Ewé tó kọ́kọ́ yọ dà bí etí ewúrẹ́. Ìwé náà wà lórí itan mi, mo ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an, ọwọ́ òsì mi ló sì ń yí i padà fúnra rẹ̀. Nígbà tí ewé kan wá jókòó dáadáa, tó kọrí sí òsì, mo ra òwú funfun, mo sì bẹ̀rẹ̀ ṣọ́ọ̀lù.

Àǹtí Bísọ́lá dé bó ṣe wí, pẹ̀lú báàgì ìbímọ rẹ̀. Kò tíì kí Bàbá tán tó fi kọrí sí yàrá mi.

"Ó ti yá. Ṣé o ti tú u?"

"Mi ò tú u."

"Táyọ̀..."

"Ẹ jókòó ná, Àǹtí."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ìwé, oòrùn, ohun tí Bàbá sọ, ìdí tí Màámi fi ń kọ ẹ̀yìn sí wa. Mo rò pé yóò já mi ní koro. Mo rò pé yóò ní kí n má jẹ́ kí ìyá Joshua gbọ́ pé ọwọ́ òsì ni wọ́n fi hun aṣọ ìsàmì ọmọ. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ wà lórí ṣọ́ọ̀lù ìyá wa tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, lódindi síbẹ̀, àfi ibi tí eku ti jẹ.

"Èmi náà rò pé ó ń bínú sí mi ni," ó wí nígbà tó yá.

N kò mọ̀ pé ẹnì kejì wà tí irú ẹ̀gún yẹn ṣẹ́ sí lẹ́sẹ̀ nínú ilé kan náà.

Ó fa àpótí ìjókòó sí iwájú mi, ó rọra jókòó, ó gbé ọwọ́ lé ikùn. "Hun ún kí n rí i."

Mo gbé abẹ́rẹ́. Ojú tì mí díẹ̀, ọwọ́ mi kò tíì yá. Mo yí òwú ká, mo kó ojú méjì pọ̀, mo fà á, mo tún yí i. Ìtàkùn náà gùn díẹ̀ sí i. Àǹtí Bísọ́lá tẹ̀ síwájú títí orí wa fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn.

"Bó ṣe máa ń ṣe é nìyẹn?" ó béèrè, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Mi ò mọ̀, Àǹtí. Èmi náà ò rí i rí."

Ó mi orí. Kò ní kí n dúró, n kò sì dúró. Àwa méjèèjì ń wo ọwọ́ òsì mi bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀, bí ẹni pé kì í ṣe tèmi.